William Hartnell, Dókítà Àkọ́kọ́: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àgbà Òṣèré Kan

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe yìí bu iyì fún ẹni tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè ṣi lámèyítọ́ lọ́nà pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ẹṣin ẹ̀yìn bá ti sáré kọjá, ojú ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni a sábà máa ń fi wo ẹṣin iwájú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí William Hartnell gan-an nìyí. Òun ni òṣèré tí ó kọ́kọ́ kó ipa olú ẹ̀dá ìtàn nínú Doctor Who, eré àròsọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ilé-iṣẹ́ BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lórí tẹlifísọ̀n ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1963. Eré náà ń bá a lọ títí di ọdún 1989, ó sì tún padà sórí tẹlifísọ̀n ní ọdún 2005. Ọ̀pọ̀ òṣèré ni ó ti kó ipa kan náà lẹ́yìn Hartnell. Nítorí náà, bí a bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ kò ju pé bàbá arúgbó oníkanra ni, pé ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀, àti pé àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ eré náà di eré gidi.

Èrò wa nínú àgbéyẹ̀wò yìí yàtọ̀ sí èyí. A fẹ́ fi hàn pé iyì Hartnell kò sí nínú pé òun ni ẹni àkọ́kọ́, bí kò ṣe nínú irú àgbà tí ó ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ eré, àgbà a máa dé iwájú òǹwòran pẹ̀lú ìwà tí ó ti gbó mọ́ ọn lára. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ọlọ́gbọ́n ni yóò jẹ́ títí eré yóò fi parí. Bí ó bá sì jẹ́ ìkà, ìkà náà ni yóò bá lọ. Àgbà tí Hartnell ṣe jẹ́ àgbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀tara-ẹni-nìkan, ó sì parí gẹ́gẹ́ bí aláàánú, láìjẹ́ pé a lè tọ́ka sí ọjọ́ kan pàtó tí ìwà rẹ̀ yí padà. Iṣẹ́ òṣèré ni èyí. Kì í ṣe iṣẹ́ òǹkọ̀wé nìkan.

Ìtàn eré náà ní ṣókí

Fún àǹfààní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí eré yìí, ó yẹ kí a sọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Dókítà jẹ́ arìnrìn-àjò kan tí kì í ṣe ọmọ ayé wa yìí. Ó ní ọkọ̀ kan tí a ń pè ní TARDIS, èyí tí ó lè gbé e kọjá láàrin àwọn ìràwọ̀, tí ó sì lè gbé e lọ sí ayé àtijọ́ tàbí ayé tí ń bọ̀. Lóde, ọkọ̀ náà dà bí àpótí tẹlifóònù àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ṣùgbọ́n inú rẹ̀ fẹ̀ ju bí òde rẹ̀ ti rí lọ. Susan, ọmọ-ọmọ Dókítà, ń lọ sí ilé-ìwé ní London. Méjì nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, Ian Chesterton, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, àti Barbara Wright, olùkọ́ ìmọ̀ ìtàn, ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ ọmọbìnrin yìí kò bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé ọgbà kan tí a ń kó àwọn ohun àlòkù sí, wọ́n já wọ inú ọkọ̀ náà, Dókítà sì gbé wọn lọ láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn. Carole Ann Ford ni ó ṣe Susan, William Russell ṣe Ian, Jacqueline Hill sì ṣe Barbara.

Kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: àwọn olùkọ́ ni a jí gbé, àwọn olùkọ́ náà ni yóò sì kọ́ ẹni tí ó jí wọn gbé ní ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà tí Hartnell gbà dé ibẹ̀

Ọjọ́ 8, oṣù kìíní, ọdún 1908 ni a bí William Hartnell ní London. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé ọkọ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ bàbá rẹ̀ títí ó fi kú. Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni ó wọ ẹgbẹ́ òṣèré Frank Benson, àwọn tí wọ́n ń káàkiri ìlú láti ṣe eré Shakespeare. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń lo ohùn àti bí a ti ń rìn lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di gbajúmọ̀ nínú sinimá, ipa ọ̀gá sójà àti ti ọ̀daràn ni wọ́n ń fún un ṣe. Ó ṣe sájẹ́ǹtì nínú The Way Ahead ní 1944. Ó ṣe Dallow, ọmọ ìta, nínú Brighton Rock. Ó tún ṣe sájẹ́ǹtì tí ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ogun nínú eré tẹlifísọ̀n The Army Game àti nínú sinimá apanilẹ́rìn-ín Carry On Sergeant ní 1958. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u, nítorí pé òṣèré tí a bá ti mọ̀ mọ́ ariwo kì í rọrùn fún un láti rí ipa jẹ́jẹ́ gbà.

Nínú sinimá This Sporting Life, tí ó jáde ní 1963, ó ṣe ipa kékeré kan, ti bàbá arúgbó kan tí ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù rọ́gbì. Ipa yìí ni Verity Lambert rí, tí ó fi mọ̀ pé ohun mìíràn wà nínú ọkùnrin náà ju ìjágbe lọ. Lambert ni olóòtú àkọ́kọ́ fún Doctor Who. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Waris Hussein, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bí ní Íńdíà, ni olùdarí ìtàn àkọ́kọ́. Hartnell sì ti pé ọmọ ọdún 55. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Bákan náà ni a fi dá eré yìí sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọmọ ọdún 55 kì í ṣe arúgbó. Irun funfun tí ó gùn dé ọrùn tí a ń rí lórí Dókítà, irun àtọwọ́dá ni. Ọjọ́ orí tí a ń wò nínú eré náà, Hartnell ni ó dá a. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ pé arúgbó ni ó ṣe arúgbó, ojú rẹ̀ ti fo iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí ó rí.

Ìfìwàwẹ̀dá: àgbà tí ń kẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya apá kìíní eré náà. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1963, Dókítà le koko; ó ń fi àwọn olùkọ́ méjèèjì ṣẹ̀sín, kò sì sí ohun tí òǹwòran lè fẹ́ràn nínú rẹ̀. Sydney Newman, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka eré nígbà náà, kò gbà á wọlé. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tún un yà, kí wọ́n sì dín líle Dókítà kù. Bí a bá fi ẹ̀dà méjèèjì wéra, a ó rí ọgbọ́n Hartnell kedere. Nínú ẹ̀dà kejì, kò pa ìwà Dókítà rẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fi àìkọbiara rọ́pò ìbínú. Bí Ian ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó yíjú sí ohun àlòkù kan nínú ọgbà náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé ohun náà ṣe pàtàkì ju ènìyàn tí ó dúró níwájú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bínú sí wa ṣì kà wá sí. Ẹni tí kò kà wá sí ni a ń bẹ̀rù, síbẹ̀ a óò fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni Hartnell ṣe mú kí ẹ̀dá ìtàn tí kò ṣeé fẹ́ràn di ẹni tí a kò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ìtàn kìíní gbé wọn lọ sí ìgbà tí ènìyàn ń gbé inú ihò àpáta. Bí wọ́n ti ń sá lọ, ẹranko ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ń lé wọn léṣe. Barbara ní kí wọ́n dúró tọ́jú rẹ̀. Dókítà kò rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ojú kúrò lára rẹ̀, ó mú òkúta kan, ó sún mọ́ ọkùnrin tí ó fara gbọgbẹ́ náà. Ian di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dókítà dáhùn pé òun fẹ́ kí ọkùnrin náà fi òkúta yàwòrán ọ̀nà sórí ilẹ̀ ni. Bí Hartnell ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí a kíyèsí. Kò sọ ọ́ bí òpùrọ́ tí ẹ̀rù ń bà. Ó sọ ọ́ bí àgbà tí ó ń bínú pé ọmọdé bi òun léèrè. Òǹwòran mọ̀ pé irọ́ ni, Ian mọ̀, Dókítà pẹ̀lú mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ìtìjú tí ó wà lábẹ́ ìbínú yẹn ni irúgbìn gbogbo àyípadà tí yóò dé lẹ́yìn.

Nínú ìtàn kejì, èyí tí Terry Nation kọ, tí àwọn Dalek ti kọ́kọ́ jáde, Dókítà fẹ́ wo ìlú àjèjì kan. Àwọn tó kù kọ̀. Ó bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé ohun kan bàjẹ́ nínú ọkọ̀ òun, kí wọ́n lè di dandan wọ ìlú náà. Ẹ̀mí gbogbo wọn wọ ewu nítorí ìfẹ́-àtimọ̀ ẹnì kan. Níhìn-ín, ayọ̀ ọmọdé ni Hartnell fi ṣe é. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tí ó fi ọgbọ́n jí ẹran inú ọbẹ̀. Ìwà burúkú náà kò yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ó ń tì í.

Ìtàn kẹta, The Edge of Destruction, tí David Whitaker kọ, ni òpó tí gbogbo ilé náà dúró lé. Apá méjì péré ni. Àwọn mẹ́rin náà nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà ń hùwà tí kò yé ẹnikẹ́ni. Dókítà fẹ̀sùn kan Ian àti Barbara pé àwọn ni wọ́n bà á jẹ́, ó tilẹ̀ halẹ̀ pé òun yóò tì wọ́n síta. Barbara fi ìgboyà dá a lóhùn, ó sì ń rán an létí ohun tí àwọn ti ṣe fún un. Ní ìgbẹ̀yìn, làákàyè Barbara ni ó já a pé ńṣe ni ọkọ̀ náà ń kìlọ̀ fún wọn, nítorí sípíríǹgì kékeré kan tí ó há. Dókítà jẹ̀bi, ó sì ní láti tọrọ àforíjì. Hartnell kò sunkún, kò kúnlẹ̀. Ó lọ bá Barbara pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ tí kò dá a lójú, ó ń yí ọ̀rọ̀ po, ó yìn ín, ó fún un ní apá rẹ̀ láti dì mú bí wọ́n ti ń jáde. Àgbà tí kò mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ìran yìí ni Dókítà kọ́kọ́ mọ̀ pé kèrègbè kan wà tí ọwọ́ òun kò lè wọ̀.

Láti ibẹ̀ lọ ni a rí èso ẹ̀kọ́ náà. Nínú The Aztecs, tí ó jáde ní 1964, Barbara fẹ́ fòpin sí fífi ènìyàn rúbọ láàrin àwọn Aztec. Dókítà kìlọ̀ fún un gidigidi pé ìtàn tí ó ti kọjá kò ṣeé tún kọ. Nígbà tí gbogbo ìsapá obìnrin náà já sí asán, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tù ú nínú. Nínú ìtàn kan náà, ó bá obìnrin ọlọ́gbọ́n kan, Cameca, mu kòkó, láìmọ̀ pé ìgbà tí ọkùnrin bá se kòkó fún obìnrin níbẹ̀, ó ti tọrọ ìyàwó nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Dókítà gbé ohun ọ̀ṣọ́ tí Cameca fún un kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà. Ó tún padà wá mú un. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, síbẹ̀ a mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti ṣí.

Ọ̀gangan rẹ̀ ni ìparí The Dalek Invasion of Earth, ní oṣù kejìlá, ọdún 1964. Susan fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ṣùgbọ́n kò lè fi bàbá rẹ̀ àgbà sílẹ̀ ní òun nìkan. Dókítà ni ó ṣe ìpinnu fún un: ó wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dágbére fún un láti inú ibẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ó ti rí i pé ìsàlẹ̀ bàtà Susan ti jẹ, ó sì ti gbà á láti bá a tún un ṣe. Ẹni tí ó fi ipá gbé àwọn olùkọ́ méjì lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ni ó wá yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ohùn Hartnell kò gbọ̀n púpọ̀; ó ń gbìyànjú láti dúró ṣinṣin, ìgbìyànjú náà ni ó sì ń ro òǹwòran lọ́kàn.

Ọwọ́, ara àti ohùn

Ojú tẹlifísọ̀n ìgbà náà kéré, dúdú àti funfun nìkan ni àwòrán rẹ̀. Òṣèré tí ó bá ju apá sọ́tùn-ún sósì bí ti orí ìtàgé, ọwọ́ rẹ̀ yóò kúrò nínú àwòrán. Hartnell kó ìfarasọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sí àyà. Ó máa ń di etí kóòtù rẹ̀ mú. Ó máa ń fi orí ìka kan ìka lábẹ́ àgbọ̀n. Ó máa ń gbé orí sókè bí ẹni pé òórùn ọ̀rọ̀ ni ó ń gbọ́. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí kò ní ìtumọ̀. Bí ó bá di etí kóòtù mú, ó fẹ́ kọ́ni ni. Bí ìka bá ń kan ìka, ìrònú ti dé. Bí ó bá rẹ́rìn-ín kékeré nínú imú, ó ti rí ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ̀rí tí ó dára jù nípa ohùn rẹ̀ wà nínú The Massacre, ìtàn ìlú Paris ní ọdún 1572, tí a fi hàn ní 1966. Àwòrán rẹ̀ ti ṣègbé. Ohùn nìkan ni ó kù. Ipa méjì ni Hartnell kó nínú rẹ̀: Dókítà, àti olórí àwọn ẹlẹ́sìn kan tí a ń pè ní Abbot ti Amboise. Ohùn Abbot náà tutù, ó mú bí abẹ, kò sí ìkọ́sẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ní ìparí ìtàn náà, Steven, ẹni tí ó ń bá Dókítà rìn nígbà náà, bínú fi í sílẹ̀, Dókítà sì ku òun nìkan. Ó ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n ti bá a rìn tí wọ́n sì ti lọ, ó ro ti ilé rẹ̀ tí kò lè padà sí. A kò rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ àdásọ yìí wà lára iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù lọ.

Ọ̀rọ̀ nípa àṣìsọ

Àwọn alátakò Hartnell a máa tọ́ka sí àṣìsọ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nínú The Chase, ní 1965, ó dárúkọ Spain níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ ti òfuurufú, ó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí lámèyítọ́ pín ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀nà mẹ́ta.

Lọ́nà kìíní, àwọn kan wà tí a kọ sínú eré. Bí Dókítà ti máa ń pe orúkọ Chesterton ní àpètì jẹ́ àwàdà tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, ó sì ń fi ìwà àìkọbiara rẹ̀ hàn. Lọ́nà kejì, àwọn kan wá láti inú bí iṣẹ́ náà ti rí. Apá 134 ni a fi hàn láti 1963 sí 1966, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 25. Wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan dánrawò, wọ́n á sì yà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìfi bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé gígé téèpù àti títò ó pọ̀ wọ́n owó nígbà náà. Ẹni tí ó bá ṣàṣìsọ ní láti tún un ṣe níwájú òǹwòran. Lọ́nà kẹta, àìsàn wà níbẹ̀. Àìsàn tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ le ti ń bá Hartnell jà, ó sì ń jẹ agbára ìrántí rẹ̀, pàápàá ní ọdún 1966.

Kì í ṣe ẹ̀tọ́ kí á pe àìsàn ní iṣẹ́ ọnà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀tọ́ kí á pe iṣẹ́ ọnà ní àìsàn. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ ń purọ́ fún ara wọn. Àwọn tí wọ́n sì ní arúgbó tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ohùn Abbot ti Amboise. Bákan náà ni a kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Jessica Carney, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1996, kò sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni: onínúfùfù ni, kì í sì í rọrùn láti bá a ṣiṣẹ́. Yorùbá ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Inúfùfù náà dín àwọn tí ó dúró tì í ní ìgbẹ̀yìn kù.

Ìpàwọ̀dà

The Tenth Planet, tí Kit Pedler àti Gerry Davis kọ, ni ìtàn tí ó kẹ́yìn fún un. Ara rẹ̀ kò yá débi pé kò lè sí nínú apá kẹta rárá. Ní ìparí apá kẹrin, ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 1966, Dókítà ṣubú lulẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì di ojú Patrick Troughton. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí eré náà lè ju ọjọ́ ayé òṣèré kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni ó mú kí òǹwòran gbà pé ẹlòmíràn lè di Dókítà? Ohun tí ó mú un ṣeé gbà ni pé Hartnell ti fi ọdún mẹ́ta fi hàn wá pé Dókítà jẹ́ ẹni tí ń yí padà. Bí ó bá ti ṣe àgbà tí ìwà rẹ̀ dì bí òkúta, ìyípadà ojú ìbá dà bí ẹ̀tàn.

Ó tún padà lẹ́ẹ̀kan péré, nínú The Three Doctors, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, ọdún 1972. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ìjókòó ni ó ti ṣe ipa tirẹ̀, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ara páálí. Síbẹ̀ òun ni ó ń bá àwọn méjì tí ó jẹ ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ wí, tí ó sì là wọ́n níjà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1975.

Ó bani nínú jẹ́ pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni a kò lè wò mọ́, nítorí pé BBC pa téèpù wọn rẹ́. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n tà fún ilé-iṣẹ́ tẹlifísọ̀n òkè òkun ni ó gba díẹ̀ là. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè náà: ní ọdún 2013 ni a kéde pé a rí apá mẹ́sàn-án tí a ti rò pé ó ti sọnù ní ìlú Jos. Ìgbà Troughton ni wọ́n, kì í ṣe ti Hartnell.

Àgbálọgbábọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń múra ìdánwò lè rí ìwúlò nínú àpẹẹrẹ yìí. Bí a bá ní kí ó ṣe àgbéyẹ̀wò òṣèré, kí ó má ṣe máa ro ìtàn eré nìkan. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni òǹkọ̀wé kọ, kí sì ni òṣèré fi kún un? Ṣé ìwà ẹ̀dá ìtàn dúró lójú kan ni, tàbí ó ń yí padà, ìfarasọ̀rọ̀ wo ni ó sì fi ìyípadà náà hàn? Àléébù wo ni ó jẹ́ ti òṣèré, èwo ni ti ipò iṣẹ́, èwo sì ni ti ara tí kò yá? Òkúta tí Dókítà mú lọ́wọ́ ní ìtàn kìíní, àti bàtà tí ó gbà láti tún ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tó láti dáhùn ìbéèrè kejì.

Àwọn tí ó kó ipa Dókítà lẹ́yìn Hartnell bá ẹni rere nílẹ̀, wọ́n sì ń bá ìwà rere náà lọ. Ẹni tí kò tíì mọ bí a ti ń ṣe rere ni Hartnell bá, òun ni ó sì mú un rin ọ̀nà náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn olùkọ́ méjì. Ìdí nìyí tí a fi ní kò yẹ kí á pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ lásán.